Ògiri Ọ̀ṣuntókí

"Ó tún ti yọ," ni Dominique wí. Ó dúró níwájú ògiri, kò fọwọ́ kàn án.

Láti ìjẹta ni Fáwùmí ìyàwó rẹ̀ ti ń fi ẹfun kun ògiri náà láràárọ̀, ìlà dúdú inú rẹ̀ kò sì yéé là á já. Kòmáńdà, òyìnbó tó ń ṣàkóso Atakpamé, ló pàṣẹ pé kí gbogbo ilé funfun. Bóyá funfun ló ń lé ẹ̀fọn, òun nìkan ló yé. Isidore, gáàdì kòmáńdà, ń bọ̀ wá wo ilé wọn lọ́sàn-án òní. Ẹni tí ilé rẹ̀ kò bá funfun, ojú ọ̀nà Notsé ló ń lọ fọ́ òkúta. Ibẹ̀ ni Gérard, àbúrò Dominique, lọ léṣìí tí kò padà. Ẹ̀rù ń ba Fáwùmí.

Ọ̀ṣuntókí, ìyá Fáwùmí, ló ya ìlà náà kó tó kú. Kì í ya ẹyẹ, kì í ya ènìyàn. Ohun tẹ́nikẹ́ni kò rí rí ló ń yà. Bí wọ́n bá bi í pé kí nìyẹn, a máa ní, "Ẹ ṣáà máa wò ó." Ọlọ́wọ́ òsì ni. Dominique ọkọ ọmọ rẹ̀ kò gba omi lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ìyá náà a máa rẹ́rìn-ín, a sì máa ní ògiri kì í bínú sí ọwọ́ òsì.

"Bàbá Colette, ẹ wò ó dáadáa," ni Fáwùmí wí fún ọkọ rẹ̀. "Ó ti gùn ju ti àná lọ. Ìyá mi kò parí rẹ̀. Wọ́n sì máa ń sọ pé a kì í bo èyí tí kò bá tíì parí."

"Parí rẹ̀ nígbà náà. Oòrùn ti ń ga."

Fáwùmí ki ìyẹ́ adìyẹ bọ èédú tó fi omi pò. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè fa nǹkan kan. Ó pààrọ̀ ọwọ́. Òsì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ fúnra rẹ̀, bí ẹni tó mọ ọ̀nà ilé. Fáwùmí kàn ń wò ó ni. Nígbà tí ọwọ́ náà dúró, ó fi ẹfun bo ìlà náà. Kò sí ohun tó yọ mọ́.

Isidore dé, ó wo ògiri títí. "Ó dára. Ẹ fún mi lómi."

Fáwùmí na igbá sí i. Ojú Isidore le. "Òsì lo fi ń fún gáàdì lómi?"

Fáwùmí gbìyànjú láti gbé e sí ọ̀tún. Ọwọ́ ọ̀tún náà kò gbéra, ó kàn rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dominique rí i: bí ti Ọ̀ṣuntókí gan-an ni ọwọ́ òsì náà ṣe di igbá mú.

Ó bọ́ síwájú, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba igbá náà, ó mu nínú rẹ̀, ó sì gbé ìyókù fún Isidore. Lẹ́yìn náà ló tẹríba fún ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ ṣé, ìyá," ni ó wí.