Ta Ló Ń Já Owó Sọ́kàwéè Wálẹ̀?

Gbogbo àwa tí a ń wa ọkọ̀ tó ń fa sọ́kàwéè ní Pikine la jọ fẹnu kò sí i: ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gbọ̀n fáránkì, kò gbọdọ̀ dín. Ẹni tó bá dín in, a máa lé e kúrò ní gáréèjì, kò sì sẹ́ni tó máa gbé iṣẹ́ fún un mọ́. Èmi Massamba Diop wà níbẹ̀. Mo nawọ́ sókè bíi tiwọn.

Mo sì ń dín in.

Bó ṣe rí nìyí. Bí sọ́kàwéè ẹnì kan bá kún, á pe nọ́ńbà kan. Àwọn tó ń gbé ìpè náà á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo awakọ̀: àdúgbò báyìí ni, èló lo máa gbà? Kálukú á fi iye tirẹ̀ ránṣẹ́. Ẹni tí tiẹ̀ bá kéré jù ló ń lọ. Àwọn tó kù á rí iye náà lórí fóònù wọn, ṣùgbọ́n wọn ò ní rí orúkọ. Ibẹ̀ ni mo fara pamọ́ sí. Ọkọ̀ mi ti gbó. Ní gáréèjì, ó lè tó ọjọ́ mẹ́rin kó tó kàn mí, ọmọ mẹ́fà sì ń retí mi nílé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, nínú òjò oṣù kẹjọ, mo fi ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún gba iṣẹ́ kan ní Guédiawaye, ìlú tó múlé gbè wá. Yacine lorúkọ obìnrin tó ṣílẹ̀kùn. Omi dúdú ti ń rú jáde nínú balùwẹ̀ rẹ̀. Mo ki páìpù bọ kòtò, mo tan ẹ̀rọ. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí àwòrán lára ògiri pálọ̀. Gora Ndiaye ni, alága gáréèjì wa, ó dúró ti ọkọ̀ rẹ̀ pupa, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ilé ìyàwó rẹ̀ àgbà nìkan ni mo mọ̀ tẹ́lẹ̀.

"Ìyàwó wa, ṣé Ẹ̀gbọ́n Gora ló nilé yìí ni?"

"Òun ni. Ẹ mọ̀ ọ́n? Yéè! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un pé mo pe nọ́ńbà o. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi bẹ̀ ẹ́. 'Lọ́la, Yacine, lọ́la.' Ọkọ̀ mẹ́ta ló ní, ìgbẹ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ."

"Ẹ̀yin náà, ẹ má sọ iye tí mo gbà."

"Èló lẹ gbà? Mo ti gbàgbé."

Mo fẹ́ fa páìpù yọ kí n sá lọ. Mi ò tíì fa kòtò náà dé ìdajì. Níbi tí mo ti ń rò ó, Gora wọlé, ó wá jẹun ọ̀sán.

"Diop! Ẹrú mi! Òórùn ìrẹsì ló fà ẹ́ wá?"

Bẹ́ẹ̀ ni ìdílé Ndiaye àti ìdílé Diop ṣe ń bú ara wọn ṣeré láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bínú. Mo fi tipátipá dá a lóhùn: "Ẹ̀yin Ndiaye kì í ṣẹ́ nǹkan kù sí àwo. Kí ni màá rí jẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó wo páìpù. Ẹ̀rín náà tán.

"Ta ló pè é?"

"Èmi ni mo ránṣẹ́ sí gáréèjì," Yacine dáhùn. "Márùndínlọ́gbọ̀n ló gbà."

Gora yọ fóònù rẹ̀, ó kà á jẹ́jẹ́. "Guédiawaye, ìdí mọ́ṣáláṣí. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún." Ó wò mí. "Èmi náà fi iye tèmi ránṣẹ́ síbí láàárọ̀. Sílé ara mi! Mi ò mọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú mi. Ẹ má lé mi."

"Kí n lé ẹ? Wọ́n á ní níbo ni mo ti mú ẹ. Kí n ní nílé mi, níbi tí ìyàwó mi ti lọ pe ọkọ̀ ọlọ́kọ̀?" Ó na ọwọ́. "Gbé fóònù yẹn wá."

Mo rò pé ó fẹ́ là á mọ́lẹ̀ ni. Ó fi í sápò.

"Láti òní lọ, èmi ni màá máa dáhùn àtẹ̀jíṣẹ́ wọn. Láràárọ̀, màá sọ ibi tí o máa lọ fún ẹ. Ìdajì tìẹ, ìdajì tèmi. Jókòó jẹun, ẹrú mi."

Ó ti di oṣù méjì báyìí. Gora ń já owó wálẹ̀ ju bí mo ṣe ń já a lọ. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún. Mẹ́rìnlá. Nọ́ńbà mi ni, orúkọ mi ni wọ́n kọ sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá tú, ta ló máa gbọ́ pé kì í ṣe èmi?

Lọ́jọ́ Jímọ̀, a ṣèpàdé, kálukú ti pa fóònù rẹ̀. Ara gbogbo awakọ̀ ń gbóná sí ẹni tó ń já owó wálẹ̀. Gora dìde.

"Mo máa mú olè yìí!" ó pariwo. "Ọwọ́ ara mi ni màá fi fọ́ gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo pàtẹ́wọ́. Ni fóònù bá dún nínú àpò ẹ̀wù Gora, ohùn tí mo mọ̀ dáadáa, ohùn àtẹ̀jíṣẹ́ iṣẹ́. Fóònù tiẹ̀ sì wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Àwọn méjì kan yíjú. Gora ò mira. Èmi ló ń wò.

Mo ki ọwọ́ bọ àpò mi tó ṣófo, bí ẹni tó fẹ́ pa fóònù.

"Ẹ má bínú," mo ní. "Fóònù mi ni."