Iyán Tó Fẹsẹ̀ Rìn Lọ Sórí Òkè

Ìyá Délé, jókòó kí o gbọ́. Lójú àlá, mo bá ara mi ní kíláàsì, tèmi ti irùngbọ̀n funfun, ọmọ-ọmọ wa Ṣadé sì ni tíṣà èdè òyìnbó. Ó ní, “Bàbá, ohun tó bá wà nítòsí, dísì ni, èyí tó bá jìnnà, dátì ni.” Ó tọ́ka sí àwo iyán kan tó wà níwájú mi. Ẹ̀rù bà mí, mo ní, “Dátì!” Ni iyán bá dìde, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sórí òkè, ọbẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Ebi sì ń pa mí! Mo pariwo, “Dísì! Dísì!” Ni òkè bá wọ́ wá sẹ́nu fèrèsé tòun ti iyán, ó ní, “Bàbá, ẹ bu òkèlè.” Ẹran ni mo nawọ́ sí. Mo dì í mú ṣinṣin, ni o bá lọgun pé imú rẹ ni.