Ọjọ́ Tí Wọ́n Gé Ọdún Àjíǹde sí Méjì

Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kejì, tó bọ́ sí Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá tuntun wọ ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọjọ́ ìsinmi ìjọba pẹ̀lú páálí káàdì kan lábẹ́ abíyá. Ó gbé e lé orí tábìlì, ó gbọn eruku ọwọ́ rẹ̀ dànù, ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ìsinmi kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní káàdì tirẹ̀, orísun kan ṣoṣo ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ sórí káàdì kọ̀ọ̀kan. Ìsinmi tí kò bá rí káàdì gbà títí di ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, ó ti parẹ́ nìyẹn. Kí oníkálukú máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìyá Fáìlì gbọ́ ọ láti ibi tó jókòó sí láàárín kọ́bọ́ọ̀dù irin méjì. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń tọ́jú ìwé níbẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe orúkọ àbísọ rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ọdún Àjíǹde ló sáré wá sí i lọ́kàn. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, obìnrin, ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bọ́tìnnì, ìrìn ọjọ́ kan àti ààbọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Wọn kì í fún un láyè lọ́dún àfi ọjọ́ mẹ́rin Àjíǹde, láti ọjọ́ Ẹtì dé ọjọ́ Ajé. Bó bá gbéra nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìdájí Àbámẹ́ta ni yóò dé. Ìdájí ọjọ́ Àìkú ni yóò padà. Àbámẹ́ta kan gbáko ni wọ́n ń rí lò pọ̀. Ní ìdúnta, ibà dá ọmọ náà dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ní èṣí, afárá já, ọkọ̀ yí padà ní ibùdókọ̀ kẹta. Lọ́dún yìí Ìyá Fáìlì ti ra tìmùtìmù tuntun tí ọmọ náà yóò sùn lé, ó ti sá a sóòrùn lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn ìsinmi yòókù kò ṣòro. Ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ló ni ín. Ọjọ́ ọdún tuntun, wọ́n kọ ọ́ pé kàlẹ́ńdà ló ni ín. Ìgbà tí wọ́n fa fáìlì Àjíǹde jáde ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ìdì ìwé méjì ló wà nínú rẹ̀, okùn kan náà ni wọ́n fi dì wọ́n. Ọ̀kan jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì. Èkejì jẹ́ ti àwọn ará ìgbàanì tó ń ṣe àjọyọ̀ ìgbà ìrúwé, nígbà tí ewé ń hù padà lẹ́yìn òtútù, kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ta ni bàbá rẹ̀ gan-an?" ni ọ̀gá bi Ìyá Fáìlì.

"Ọ̀gá, bí mo ṣe bá a nìyẹn."

"Ìyá, àyè bàbá kan ló wà lórí káàdì."

Táípíìsì, ọmọbìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ẹ bi ìyá ọmọ, ọ̀gá. Òun ló mọ̀."

Wọ́n ránṣẹ́ pe Àlùfáà, wọ́n sì pe Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń kọ́ni ní ìtàn. Ìyá Fáìlì ti retí ìjà. Ó ti kó gbogbo ife kúrò nílẹ̀. Àfi bí wọ́n ṣe jókòó tí wọ́n ń bu ọlá fún ara wọn.

"Ti yín ni, Ọ̀jọ̀gbọ́n," ni Àlùfáà wí. "Mo ti ka ìwé ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹyin tí wọ́n ń kùn lọ́dà fi ṣọdún yìí, kò sí níbẹ̀. Ehoro tí wọ́n tún fi ń ṣọdún náà, kò sí lẹ́nu ibojì."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ti yín ni," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n dá a lóhùn. "Abo òrìṣà tí wọ́n ní ó ni oṣù kan nígbà ìrúwé, ẹnì kan péré ló kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láyé ìgbà yẹn, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì yín sì ni. Ọ̀rọ̀ tó kọ kò ju ìlà mélòó kan lọ. Kò sọ pé ó ní ehoro."

"Ẹyin ńkọ́?" ni ọ̀gá bi wọ́n.

"Ẹyin lè jẹ́ ti Bàbá. Láyé ọjọ́un, wọn kì í jẹ ẹ́ nígbà ààwẹ̀."

"Òótọ́ ni," ni Àlùfáà wí, "ṣùgbọ́n àwọn adìyẹ kò bá wa gbààwẹ̀. Wọ́n ń yé e lọ ràì. Kí ọdún tó dé, ẹyin ti gbalé."

Ọ̀gá mú bírò. "Ká kọ adìyẹ síbẹ̀?"

"Ẹ má kọ adìyẹ," ni Àlùfáà wí. "Ọ̀dọ̀ àwọn Júù la ti rí àjọ náà fúnra rẹ̀, nínú Ìrékọjá wọn. Ọwọ́ òṣùpá la sì ti ń gba ọjọ́ rẹ̀. Bí ọ̀sán àti òru bá ti gùn dọ́gba ní ìgbà ìrúwé, tí òṣùpá sì wá yọ kíkún, ọjọ́ Àìkú tó bá tẹ̀ lé e ni."

Ọ̀gá kọ òṣùpá, ó pa á rẹ́. Ó ní kí wọ́n wá ẹyin kan wá kí òun fojú ara òun rí i. Wọ́n gbé e sínú àwo kékeré, wọ́n fún un ní nọ́ńbà, wọ́n tò yí i ká, wọ́n wò ó fún wákàtí kan ó dín díẹ̀. Wọn ò rí nǹkan kan dì mú lára rẹ̀.

"Bóyá kó kọ́kọ́ búra," ni Táípíìsì wí.

Bí wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn títí ọjọ́ kẹsàn-án fi pé. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọ̀gá gbé rúlà lé orí ìwé láti fa ìlà pa Àjíǹde rẹ́. Ara Ìyá Fáìlì kò gbà á mọ́. Ó dìde.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Nígbà tí ìdílé méjì ń du òkè ẹ̀yìn odò, gígé la gé fáìlì náà sí méjì. Ìdajì wọ dúrọ́ọ̀ yìí, ìdajì wọ tọ̀hún. Ohun tí ẹni méjì bá ń pè ní tiwọn, bí a ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò tíì padà wá béèrè."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀gá rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tó ti dé. Ó na àlùmọ́gàjí sí i. "Ìyá, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ gé e."

Ìyá Fáìlì fúnra rẹ̀ ló gé e, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀gá ní ohun gbogbo tó bá ti ní nọ́ńbà nínú fáìlì ni òfin náà kàn, ó sì fa ọ̀bẹ yọ sí ẹyin. Wọn kò se ẹyin náà, ó dà sórí tábìlì. Ìyá Fáìlì ń fi àkísà nu tábìlì lọ́wọ́ ló gbọ́ tí ọ̀gá ń pe ọ̀rọ̀ fún Táípíìsì láti tẹ̀.

"Ọjọ́ mẹ́rin, méjì-méjì. Ṣọ́ọ̀ṣì, ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n kàn án mọ́gi, àti ọjọ́ Àìkú tó jí. Àbámẹ́ta àti Ajé di ti ìgbà ìrúwé. Ẹ gbé wọn lọ sí ogúnjọ́ àti ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹta, níbi tí ọ̀sán àti òru ti dọ́gba."

Àkísà dúró lọ́wọ́ Ìyá Fáìlì. "Ọ̀gá, Àbámẹ́ta ńkọ́?"

Ọ̀gá yíjú sí Àlùfáà. "Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta náà?"

Àlùfáà ronú sí i. "Ó wà nínú ibojì. Àwọn èèyàn rẹ̀ jókòó sílé."

"Wọn ò ṣe nǹkan kan?"

"Wọ́n sinmi."

"Ìyá, ẹ gbọ́ ọ létí ara yín," ni ọ̀gá wí. "Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ ni wọ́n máa lọ."

Lẹ́tà ọmọ rẹ̀ dé ní ọjọ́ kẹrìndínlógún. "Màmá mi, mo ti ṣírò ó síwá-sẹ́yìn. Nínú ìsinmi ìrúwé, Ajé àti Ìṣẹ́gun, bí mo bá gbéra lẹ́yìn iṣẹ́ Àbámẹ́ta, màá dé ọ̀dọ̀ yín ní ìdájí ọjọ́ Ajé, ọkọ̀ tó máa gbé mi padà á sì ṣí ní ìdájí yẹn kan náà. Ẹ̀yìn gíláàsì ọkọ̀ la ó ti kí ara wa. Ní ti ṣọ́ọ̀ṣì, iṣẹ́ wà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ má dá ara yín lóró. Ta ló tilẹ̀ wá pa irú èyí pọ̀?"

Ìyá Fáìlì ká lẹ́tà náà sí mẹ́rin. Nílé, ó ká tìmùtìmù, ó gbé e ti ògiri.

Nígbà ìsinmi ìrúwé, àwọn èèyàn ní ẹyin lọ́wọ́, wọn kò mọ àdúrà tí wọ́n máa gbà sí i. Lọ́jọ́ Àìkú ti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbàdúrà, wọ́n dé ilé, wọ́n ń wo ojú ara wọn. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó wà láàárín, Ìyá Fáìlì jókòó síbi iṣẹ́ láàárín kọ́bọ́ọ̀dù méjèèjì láti aago mẹ́jọ títí di aago mẹ́rin. Ẹnikẹ́ni kò wá béèrè fáìlì.

Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ìyá àti ọmọ ní lọ́dún ló lọ. Ọdún kẹta nìyẹn tí wọn kò fojú kan ara wọn.