Wúfà fún Ọkọ̀ Bàbá

Ọmọ dojú bolẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìjókòó awakọ̀ nínú ọkọ̀ bàbá rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà níta, ó sì fi eyín di síkúrúdíráfà mú bí ẹni ń rin pákò. Rédíò tí ọkọ̀ náà bá dé láti iléeṣẹ́ ti kúrò láyè rẹ̀, ó ń fi wáyà rọ̀ dirodiro.

Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe iná ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ti ní kó yọ ọ́ dànù, kó fi tuntun sí i. Rédíò tuntun ní ojú ihò tí wọ́n ń ki wáyà ańpílífáyà, ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn di ńlá, sí, èyí kò ní. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti búra pé ẹnikẹ́ni kò ní pààrọ̀ rédíò yẹn, torí ìka ìyàwó òun ló pa nọ́ńbà ara bọ́tìnnì rẹ̀ rẹ́. Ọmọ wá bó wáyà sípíkà ẹ̀yìn, ibẹ̀ ló ti fa ohùn lọ sínú ańpílífáyà, ó sì ti wúfà pẹlẹbẹ kan, sípíkà ohùn ìsàlẹ̀ tó ń mi ara, bọ abẹ́ ìjókòó awakọ̀.

Láti ìgbà tí ìyá ọmọ náà ti kú ni etí bàbá ti ń di díẹ̀díẹ̀. Rédíò kò yé e mọ́. Ó sú u títí tó fi wá ẹni tí yóò ra ọkọ̀ náà.

"Kí ni mo fẹ́ fi ọkọ̀ tó yadi ṣe?" ló wí.

Ọmọ bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun ní òní nìkan. Bí etí kò bá gbọ́, ṣebí ara á gbọ́. Inú ọkọ̀ yìí ló ti kọ́ gbogbo orin tó mọ̀, tí ìyá ń lé, tí bàbá ń fi ọwọ́ lu ìdarí ọkọ̀. Bí wọ́n bá tà á, kò mọ ibi tí òun á tún ti máa rí ìyá òun kedere bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ eegun.

Ó yí rédíò sókè díẹ̀ péré, ó dán an wò. Ìjókòó gbọ̀n rìrì. Inú rẹ̀ dùn, ó pe bàbá.

Bàbá jókòó, ó yí ohùn rédíò dé òpin bí ìṣe rẹ̀. Orin han gooro, ṣùgbọ́n abẹ́ ìjókòó dákẹ́ lọ gbári.

"Mo sọ fún ẹ," bàbá pariwo. "Kò sí nǹkan kan!"

Ọmọ yẹ fíúsì wò. Ó yẹ orí bátìrì wò. Kò síbi tó já. Àfìgbà tó gbé ọwọ́ lérí ló rántí pé irú rédíò iléeṣẹ́ báyìí, bí wọ́n bá yí i sókè jù, fúnra rẹ̀ ló ń gé ohùn ìsàlẹ̀ kù kí sípíkà kéékèèké má baà fà ya. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Rédíò pàápàá mọ̀ ọ́n.

"Bàbá, ẹ dín in kù!"

"Kí n dín in kù kẹ̀? Èmi tí mi ò gbọ́ràn!"

"Ẹ ṣáà dín in kù, ẹ jọ̀ọ́."

Bàbá pòṣé. "Bí ìyá ẹ gẹ́lẹ́. Bí mo bá yí i sókè, á yí i wálẹ̀, títí a ó fi délé."

Ó dín in kù díẹ̀. Ó tún dín in. Lójijì, ìjókòó mì lábẹ́ rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lu itan, kò sì ṣi ìlù.

"Ó ń gbá mi lẹ́yìn," ó wí. Ó ti pẹ́ tó ti sọ̀rọ̀ láìpariwo.

Ọmọ fẹnu sún mọ́ etí rẹ̀. "Ẹni tó fẹ́ rà á ńkọ́?"

Bàbá na ọwọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì fún un. Ọmọ yípo ọkọ̀, ó wọlé, orúnkún rẹ̀ sì gbá dáṣíbọ́ọ̀dù.

"Fa ìjókòó yẹn sẹ́yìn," bàbá wí. "Ìyá ẹ ló sún un síwájú bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ tìẹ gùn ju tiẹ̀ lọ."

Ọmọ fi ọwọ́ wá irin tí wọ́n fi ń sún ìjókòó lábẹ́ rẹ̀. Ó ti gan. Ìgbà yẹn ló tó yé e pé láti ìgbà tí ìyá ti kú, kò sẹ́ni tí bàbá jẹ́ kó jókòó síbẹ̀. Ó fà á, kò sún. Bàbá náà na ọwọ́ sí i, àwọn méjèèjì sì jọ fà á.