Bàbá Tó Ń Dá Èrò Padà Lóríta

Abẹ-Fẹ́lẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá náà, nítorí pé onígbàjámọ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ sì fúyẹ́ lórí ènìyàn débi pé àwọn ọmọdé a máa sùn lọ lórí àga rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, tí ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́ láti fi abẹ kan orí ẹnikẹ́ni, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, àmọ́ kò yé jókòó síwájú rẹ̀. Bí ọkùnrin kan bá dúró kí i, á kọ́kọ́ wo orí onítọ̀hún títí, á ní, "Ta ló gẹ irun yìí fún ọ? Kí ló fi gẹ̀ ẹ́, eyín?" Ẹ̀rín á sọ. Bó ṣe ń lo ọjọ́ rẹ̀ nìyẹn, kò sì sú u.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin. Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pe ọmọ yìí níbi iṣẹ́, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kékeré kan. Òun ló máa ń dúró nídìí kántà, tí ó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò, tí ó ń wọn ẹrù, tí ó sì ń rẹ́rìn-ín sí èrò, ẹni tó ń bú u pàápàá.

Nígbà tí pápákọ̀ òfurufú tuntun ku díẹ̀ kó parí, ọ̀gá pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Ó ní ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ń kó lọ, wọ́n ti yá ọkọ̀ òfurufú sí i, wọ́n ti dá àyè àwọn padà ní pápákọ̀ àtijọ́, orúkọ ibi tuntun ni wọ́n sì ti ń kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì. Kí olúkúlùkù tètè wá ilé sítòsí ibẹ̀, torí ọ̀nà rẹ̀ jìn sí ìlú gan-an. Ẹlẹ́rìn-ín kò lè fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lóun nìkan. Ó jókòó tì í, ó ṣàlàyé, ó tún ṣàlàyé.

Bàbá ní, "Ìyá mi, o ti rojọ́ tó." Bó ṣe máa ń pè é nìyẹn, torí ó jọ ìyá tó bí òun. "Ṣé ọkọ̀ yẹn á máa gba orí ilé wa kọjá?"

"Á máa gbà á, Bàbá."

"Ó dáa. Á rí mi lórí ìjókòó. Jẹ́ ká máa lọ."

Wọ́n dá ilé tí wọ́n ń gbé padà fún onílé. Wọ́n kó lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì funfun tí wọ́n kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ náà. Ọ̀dà ara ògiri kò tíì gbẹ tán. Ilé ìdáná mọ́ tónítóní, omi ń yọ gbùúgbùú lẹ́nu ẹ̀rọ. Láti ojú fèrèsé, wọ́n ń wo òrùlé gíláàsì pápákọ̀ tó ń tàn yanran.

Ẹlẹ́rìn-ín ń lọ yunifọ́ọ̀mù tuntun tó fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí pápákọ̀ nígbà tí rédíò kéde pé wọ́n ti sún ọjọ́ síwájú. Wọ́n ní àwọn ilẹ̀kùn tó yẹ kó máa ṣí fúnra wọn bí ilé bá ń jóná kọ̀ láti ṣí. Oṣù kan péré, wọ́n ní. Oṣù náà pé, wọ́n tún sún un. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ọjọ́ kankan.

Ilé iṣẹ́ wọn kò ríbi kankan lọ. Wọ́n padà lọ bẹ̀bẹ̀ ní pápákọ̀ àtijọ́, wọ́n fún wọn ní igun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kántà ẹyọ kan. Àárọ̀ kùtù ni Ẹlẹ́rìn-ín ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀, ilẹ̀ a sì ti ṣú kó tó padà dé. Àwọn ilé funfun náà ṣófo, torí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ gbọ́ pé ọjọ́ ti yẹ̀, wọn ò kó wá mọ́. Bàbá Abẹ-Fẹ́lẹ́ á gbé àga síwájú ilé, kò ní rí ẹni kan kí. Ajá gan-an kì í kọjá. Bí ọmọ rẹ̀ bá dé, oúnjẹ tó gbé kalẹ̀ fún un láàárọ̀ á wà níbẹ̀ bó ṣe gbé e.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò jẹun?"

"Mo ń dúró dè ọ́ ni. Ẹnu kan ṣoṣo ò lè máa jẹun, kó tún máa dákẹ́."

Níbi iṣẹ́, ojú Ẹlẹ́rìn-ín ń rí nǹkan. Àwọn tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tipẹ́ ń lọ sí pápákọ̀ tuntun, wọ́n ń bá géètì ní títì, kí wọ́n sì tó sáré dé ti àtijọ́, ọkọ̀ wọn á ti gbéra. Ilé iṣẹ́ ní àwọn ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló rí i gbà. Ìyàwó ilé kan jókòó sórí ẹrù rẹ̀ níwájú kántà, ó ń sunkún pé ọjọ́ ìsìnkú ìyá òun nìyẹn. Ẹlẹ́rìn-ín kò rí nǹkan kan ṣe fún un ju kó bá a di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Nígbà tó yá, ó ṣàkíyèsí pé àwọn tó ṣìnà ti ń dé lásìkò. Ọ̀kan ní bàbá àgbàlagbà kan ló dá takisí àwọn dúró lóríta, kí àwọn tó wọ ọ̀nà gbọọrọ tó lọ sí géètì, tó ní kí àwọn yí padà kíá. Òmíràn ní bàbá náà fún ọmọ òun lómi mu. Ẹlẹ́rìn-ín rò pé ẹ̀ṣọ́ kan ni. Àfi lọ́jọ́ tí géńdé kan sáré dé, tó ń fi ọwọ́ pa orí bó ṣe ń na tíkẹ́ẹ̀tì sí i.

"Bàbá yẹn gbà mí lónìí," ló wí. "Àmọ́ ó bú mi o! Ó ní ta ló gẹ irun mi, pé ṣé eyín ló fi gẹ̀ ẹ́ ni."

Ẹlẹ́rìn-ín bú sẹ́rìn-ín débi pé gbogbo èrò yíjú wò ó. Lẹ́yìn náà ló rí i pé omi ti kún ojú òun.

Nígbà tó délé, ó bá abọ́ oúnjẹ ní òfìfo.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ wà lóríta yẹn?"

"Èmi ni. Mo ti ríṣẹ́." Ojú bàbá ń dán. "Ìyá mi, èrò pọ̀ o! Ẹni tó ń lọ ṣègbéyàwó, ẹni tó ń lọ gba ìwòsàn. Gbogbo wọn ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì náà ti dọ̀rẹ́ mi. Òun ló ń bá mi gbé àga."

Inú ọmọ dùn, àmọ́ àyà rẹ̀ ń já. Oòrùn oríta náà mú, àwọn ọkọ̀ akóyẹ̀pẹ̀ ń sá eré àsápajúdé níbẹ̀, ojú bàbá kò sì ríran dáadáa. Lọ́jọ́ tí òjò pa á, tó ń wú ikọ́ títí di ọjọ́ kejì, Ẹlẹ́rìn-ín tọ ọ̀gá rẹ̀ lọ. Ó ní ṣé ó yẹ kó jẹ́ pé arúgbó ni yóò máa ṣe iṣẹ́ yìí fún ilé iṣẹ́? Ojú ti ọ̀gá. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ri pátákó gàgàrà mọ́lẹ̀ lóríta náà, tí wọ́n fi lẹ́tà pupa kọ ọ́ pé pápákọ̀ kò tíì ṣí, kí èrò lọ sí ti àtijọ́. Ẹlẹ́rìn-ín mí kanlẹ̀. Ó rò pé òun ti gba bàbá òun sílẹ̀.

Bàbá ṣì ń lọ síbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Àwọn awakọ̀ á ka pátákó náà láti òkèèrè, wọ́n á ṣẹ́rí padà. Kò sẹ́ni tó tún yí gíláàsì sílẹ̀ kí i. Nígbà tó yá, ó gbé àga rẹ̀ wálé.

"Bàbá, èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é," Ẹlẹ́rìn-ín jẹ́wọ́ fún un. "Mi ò fẹ́ kí nǹkan ṣe yín ni."

"Mo mọ̀. Ire lo rò." Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan orí ọmọ rẹ̀. "Wọ́n kọ pátákó yẹn dáadáa. Bí èmi náà, kì í ṣi èèyàn lọ́nà."

Láti ìgbà náà ni ikọ́ yẹn ti padà dé, tí kò lọ mọ́. Àwọn dókítà fún un lóògùn, ó ń lò ó, àmọ́ ṣe ló kàn ń rù sí i. Ohun kan ṣoṣo ló bèèrè, pé kí ọmọ òun mú òun lọ kí àwọn ará àdúgbò àtijọ́. Ẹlẹ́rìn-ín lọ tọrọ àyè. Ọ̀gá rẹ̀ fọwọ́ bojú. Ilé iṣẹ́ ti ń wó lọ, owó ọkọ̀ tí wọ́n yá ń gorí ara wọn, wọ́n ti dá ìdajì òṣìṣẹ́ dúró, àwọn tó kù ni kò sì lè ráyè sinmi.

"Ní sùúrù díẹ̀," ọ̀gá sọ. "Bí wọ́n bá ti ṣí ibi tuntun, àyè á wà."

Ọ̀rọ̀ kan náà ni Ẹlẹ́rìn-ín lọ sọ fún bàbá rẹ̀. "Bí wọ́n bá ti ṣí i, Bàbá. Ẹsẹ̀ ni màá máa fi rìn lọ síbi iṣẹ́. A jọ máa lọ."

"Kò burú," ni bàbá wí.

Ẹlẹ́rìn-ín ń wọn ẹrù èrò kan lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí ẹ̀ṣọ́ géètì pè é lórí fóònù. Ó ní òun wá kí bàbá bí òun ṣe máa ń ṣe, òun sì bá a tó ń mí gúlegúle. Òun ti ń gbé e lọ sílé ìwòsàn, kó máa bọ̀. Ẹlẹ́rìn-ín sá jáde pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù lọ́rùn. Ọ̀nà tó ń gbà lójoojúmọ́ kò gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń bẹ awakọ̀, awakọ̀ ń bẹ òun náà pé ọkọ̀ tó wà níwájú ni kò rìn. Nígbà tó fi dé, ẹ̀ṣọ́ náà ló bá níta wọ́ọ̀dù, fìlà bàbá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó pè yín kó tó dákẹ́," ọkùnrin náà sọ. "Ó ní kí n má jẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ sáré."

Ẹlẹ́rìn-ín jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì gbé àga wá, kò dìde.

Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú náà kò pé ọdún sí i kó tó kógbá sílé. Àwọn tó ni ọkọ̀ wá kó ọkọ̀ wọn. Ọ̀gá bọ gbogbo wọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tó kan Ẹlẹ́rìn-ín, kò lè gbójú sókè wò ó.

Wọ́n wá ṣí pápákọ̀ tuntun. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ló pín kántà ibẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n sì kó òṣìṣẹ́ tiwọn wá. Àwọn ilé funfun kún fún èèyàn, ọmọ ń sunkún lókè, wọ́n ń din nǹkan nísàlẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ géètì wá kan ilẹ̀kùn Ẹlẹ́rìn-ín, ó ní kó jẹ́ kí òun mú un lọ wo inú pápákọ̀ náà, ó dára púpọ̀. Ẹlẹ́rìn-ín kò fẹ́ ṣẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ lé e.

Lóòótọ́ ló dára. Ilẹ̀ rẹ̀ ń kọ mànà, àwọn ilẹ̀kùn ń ṣí fúnra wọn. Ó jókòó sáàárín àwọn èrò, ó gbé ọwọ́ lé itan. Ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé ọmọbìnrin kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù sún mọ́ ọn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìjókòó. Níbo lẹ̀ ń lọ?"

Ẹlẹ́rìn-ín fẹ́ rẹ́rìn-ín padà, kò rí i ṣe.

"Mi ò lọ síbì kankan, àbúrò mi," ló wí.

Ọmọ náà lọ bu omi tútù wá fún un, ó sì dúró tì í títí ó fi mu ún tán.