Iná Bótò

Láti àárọ̀ ni mo ti ń fa okùn ẹ̀rọ amúnáwá náà, kò dá mi lóhùn. Ó wúkọ́ díẹ̀, ó dákẹ́, apá sì ń ro mí. Bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tó gbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Kirsten ti kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì ní Wuse, ní Abuja, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Idu.

Lọ́dún 1989 yẹn, ọ̀gá mi, Dókítà Yínúsà Babalọlá, ti gbẹ́ kòtò kan sẹ́yìn ilé tí ìjọba fún un, ó fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, ó fi irin dé e. Bótò, ìgbẹ́ màlúù, tí a pò mọ́ omi là ń dà sínú rẹ̀. Àwọn kòkòrò tí ojú kò rí á jẹ ẹ́, gáàsì á jáde, gáàsì yẹn á sì gbé ẹ̀rọ amúnáwá wa ṣiṣẹ́ láìsí epo, láìsí èéfín dúdú. Yunifásítì Ọ̀jọ̀gbọ́n Kirsten ní Denmark fẹ́ bá wa da ìwádìí náà pọ̀: irinṣẹ́ á wá láti ọ̀dọ̀ wọn, ìmọ̀ tiwa náà á lọ bá wọn. Tí Ọ̀jọ̀gbọ́n kò bá tọwọ́ bọ̀wé lọ́jọ́ náà, ìjọba á gba ilẹ̀, wọ́n á sì dí kòtò. Ọ̀gá àgbà wa, Alhaji Yàhàyá, ọmọ Ìlọrin, ti sọ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo wa.

Mo ṣí ẹnu kòtò láti wo ohun tó ń ṣe é. Òórùn bótò kọ́ ló pàdé mi. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń dà sí ṣáláńgá ló ń rùn gùù. Ó ti pa àwọn kòkòrò wa.

Ìyá Àwẹ̀ró, ìyá Dókítà, tó ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà ààwẹ̀, ń gbá àgbàlá lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo bi wọ́n léèrè ẹni tó da oògùn sí kòtò.

"Èmi ni," Ìyá dáhùn, inú wọn ń dùn. "Àlejò òkè òkun ń bọ̀, ẹ wá jẹ́ kí ibẹ̀ máa rùn bẹ́ẹ̀. Ṣé kí wọ́n lọ máa sọ pé ọmọ mi kò mọ ìmọ́tótó ni? Ọjà Wuse ni mo ti lọ rà á lánàá."

Kí ni mo fẹ́ bá ìyá arúgbó wí? Ọmọ wọn ni inú ń bí mi sí. Ìyá kì í jẹ ohun tí ìdọ̀tí bá sún mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan omi àlùwàlá wọn. Nítorí náà, nígbà tí Dókítà fa gáàsì kòtò dé ilé ìdáná, ó sọ fún Ìyá pé gáàsì ìjọba ni. Mo ní, "Dókítà, ẹ sọ fún Ìyá." Ó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó kàwé dé òkè òkun, ó ń bẹ̀rù ìyá rẹ̀. Nígbà tí iná ilé ìdáná kú láàárọ̀ yẹn, Ìyá ní ìjọba tún ti mú un, bí ìṣe wọn.

Mo sọ fún Dókítà. Ó gbá orí mú. Alhaji Yàhàyá, tó ti dé ṣáájú àlejò, kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀.

"Kai, bẹntiróòlù kò tíì tán ní Abuja," ó ní. "Ẹ rọ ọ́ sínú ẹ̀rọ, kó máa ṣiṣẹ́. Ta ni yóò mọ̀?"

Ó gbé kẹ́ẹ̀gì epo lé Dókítà lọ́wọ́. Dókítà ṣí ẹnu ẹ̀rọ. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì sókè. Ọkọ̀ wọlé. Dókítà gbé kẹ́ẹ̀gì náà kalẹ̀.

"Ẹ̀rọ kò ní ṣiṣẹ́ lónìí," ó sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n, obìnrin òyìnbó kan, kó tó bọ́ sílẹ̀ tán. "Kòtò ti kú. Àná ló ṣiṣẹ́ kẹ́yìn."

Ọ̀jọ̀gbọ́n Kirsten kò rẹ́rìn-ín. "Gbogbo ibi tí mo dé ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé àná ló ṣiṣẹ́ kẹ́yìn," ó ní. "Ta ló rí i?" Ó ti ń pa àpò rẹ̀ dé.

Ẹnì kan ṣoṣo tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa ló ti lo iná yẹn. Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n gbé omi àlejò lọ́wọ́. Dókítà lọ bá wọn, ó dọ̀bálẹ̀ sínú iyanrìn pẹ̀lú kóòtù rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ pé inú kòtò bótò ni iná ilé ìdáná ti ń wá.

Ìyá gbé omi náà kalẹ̀. "Iná tí mo fi se sààrì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Èyí tí mo fi ń gbé omi àlùwàlá kaná?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

Ọ̀jọ̀gbọ́n Kirsten bi mí léèrè ohun tí wọ́n ń sọ. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, oògùn Wuse àti irọ́ Dókítà, n kò fi nǹkan kan pamọ́. Alhaji ń fojú pa mí. Obìnrin náà ní kí n bi Ìyá bóyá iná náà dára, àti bóyá wọ́n á tún lò ó ní báyìí tí wọ́n ti mọ̀.

Ìyá kò wo àlejò. Ọmọ wọn tó wà nílẹ̀ ni wọ́n ń wò.

"Sọ fún un pé ọmọ mi pa irọ́ fún mi. Iná yẹn kò pa irọ́ kankan. Kò sọ ìkòkò mi di dúdú, kò ta mí lójú. Iná tó bá se oúnjẹ jinná, n ó lò ó. Ta ló ní kí ọmọ mi máa bá mi tijú?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kirsten ní ẹ̀rọ máa ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, àwọn tó ń dáná ni kì í gbà á, kò sì sẹ́ni tó ń bi wọ́n. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ni ìwádìí wa gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó tẹ́ ìwé náà sórí ọkọ̀, ó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo jókòó sórí ìdérí kòtò.

Ìyá gbé omi fún àlejò, wọ́n so ìborùn mọ́ ìdí, wọ́n mú garawa.

"Oyèbísí, níbo ni àwọn màlúù yẹn ti ń jẹ̀?"

Mo dìde láti mú wọn lọ kó bótò tuntun. Ìyá gba ẹ̀gbẹ́ ọmọ wọn kọjá. Wọn kò tíì ní kó dìde.