Èéfín Tó Wà Lẹ́yìn Ìyá Àgbà

Nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù Fẹ́rànmí kúrò nílé, Felicia ìyá rẹ̀ jókòó sórí àpótí nínú ilé ìdáná, ó ń ṣa ẹ̀wà. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ni wọ́n pé jọ sí Odò-Orò lọ́jọ́ náà. Wọ́n kó bàtà, wọ́n kó aṣọ iléèwé, wọ́n kó gbogbo fọ́tò tí ọmọ náà wà nínú rẹ̀. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ òun àti Ilésanmí ọkọ rẹ̀, wọ́n pa àwọn tó wà níbẹ̀ náà rẹ́. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn. Wọ́n ní ìyá kì í tẹjú mọ́ àwòrán ọmọ tó kú, kí ọkàn rẹ̀ má baà dúró sẹ́yìn, kí òmíràn lè rí ọ̀nà wá. Kò sí ìkà nínú wọn. Ẹ̀wà náà mọ́ tónítóní, Felicia ò sì rántí ẹni tó jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n tún kó orúkọ lọ. Gbogbo àdúgbò tó ti ń pè é ní Ìyá Fẹ́rànmí láti bí ọdún méje bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ìyàwó, bí ẹni pé àná ló wọlé ọkọ. Ó ń dá wọn lóhùn. Ó ń lọ sóko, ó ń bọ̀, ó ń bó ẹ̀gẹ́, ó ń gún iyán. Láti ọjọ́ tí ibà ti gbé ọmọ náà lọ, omijé kankan ò tíì jáde lójú rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń yìn ín pé ó gba kádàrá. Kádàrá wo ló gbà? Inú rẹ̀ ló kú tipiri, bí ẹsẹ̀ tí ènìyàn jókòó lé pẹ́.

Fọ́tò kan ló kù, àwọn tó wá kó ẹrù ò sì mọ̀ pé ó kù. Ti Ìyá Àgbà ni, ìyá Ilésanmí, wọ́n sì gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀ nígbà tí màmá pé ọgọ́rin ọdún. Kàdíját, ọmọbìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ní Ìkòlé, ló wá yà á. Ó gbé àga síwájú ilé fún màmá, màmá ní òun ò jókòó, òun kì í ṣe aláìsàn. Ó dúró gbọn-in, ojú rẹ̀ le bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wàhálà wà. Aṣọ tútù wà lórí okùn, ewúrẹ́ ń jẹ èèpo iṣu, abọ́ ìfọṣọ tó ti fọ́ létí dojú dé sílẹ̀. Fẹ́rànmí náà sì sáré ti oko ẹ̀yìnkùlé dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ títí dé orúnkún, nínú ẹ̀wù pupa tó ti ya lọ́rùn, ó sá sẹ́yìn ìyá bàbá rẹ̀, ó ń yọjú.

Ojú ti Felicia. Ó sọ fún Kàdíját pé kó bá òun pa gbogbo ẹ̀yìn yẹn rẹ́, kí ilé àwọn má baà dà bí ilé ọ̀lẹ. Kàdíját ní kò le rárá. Ó tẹ ibì kan ṣoṣo lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní AI sì ya màmá sọ́tọ̀, ó sọ gbogbo ìyókù di bàìbàì bí èéfín. Ó dára púpọ̀. Wọ́n tiẹ̀ fi ṣe kàlẹ́ńdà.

Èéfín yẹn ni Felicia wá ń wò báyìí. Ní apá òsì màmá, àbàwọ́n pupa kan wà níbẹ̀ tí kò ní ojú, tí kò ní ẹsẹ̀. Àlejò á rò pé òdòdó ni, kò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Felicia a máa gbá pálọ̀ tó ti gbá tẹ́lẹ̀, kó ṣáà lè rí ìdí dúró níwájú ògiri.

Lọ́jọ́ ọjà kan, ó yọ fọ́tò náà, ó fi ìró wé e, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìkòlé. Kàdíját fẹ́ pè é ní orúkọ tó mọ̀ ọ́n mọ́, ó gbé e mì, ó ní Àǹtí, ẹ káàbọ̀. Felicia ní kó bá òun ká èéfín náà kúrò. Kàdíját ní òun ò ní èyí tí òun kọ́kọ́ yà mọ́, pé bí iṣẹ́ bá ti tán lòun máa ń nu káàdì kámẹ́rà kí àyè lè wà, pé èyí tó ní èéfín nìkan ló kù lọ́wọ́ òun. Felicia ní kò burú, pé ẹ̀rọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń da èéfín bo nǹkan á mọ bí wọ́n ṣe ń ká a.

Kàdíját gbìyànjú. Ó kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ síbẹ̀, ó ní kí ẹ̀rọ náà ṣí ọmọ tó wà lẹ́yìn síta. Nígbà tó ṣe díẹ̀, èéfín náà ká lóòótọ́. Ọmọkùnrin kan dúró lẹ́yìn màmá nínú ẹ̀wù pupa. Ọrùn ẹ̀wù náà ò ya, ẹrẹ̀ ò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ pé, ó funfun. Bẹ́ẹ̀ Fẹ́rànmí ò ní eyín iwájú lọ́dún náà. Ó ti ju wọ́n sórí òrùlé, ó ń retí tuntun.

Felicia wò ó títí. Ó ń dúró kí nǹkan ṣẹlẹ̀ nínú òun, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

"Ọmọ ta nìyí?" ló béèrè.

Kàdíját bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, pé ẹ̀rọ náà ò mọ ẹni tó wà níbẹ̀, ńṣe ló kàn méfò. Ó nawọ́ láti pa ọmọ náà rẹ́. Felicia di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Fi í sílẹ̀," ló wí. "Mo ti ní kí o bá mi pa ọ̀kan rẹ́ rí."

Nígbà tó délé, Ìyá Àgbà ti jókòó sí pálọ̀, ó kọjú sí ìṣó tó kù lára ògiri. Felicia ò tíì ro irọ́ tó máa pa. Ó tú fọ́tò náà, ó fẹ́ gbé e kọ́ padà, màmá ní kó gbé e wá ná. Ó gbé e lé itan, ó fi etí ìró rẹ̀ nu gíláàsì náà. Màmá tí kì í rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́ yìí gbé ìka lé ibì kan nínú fọ́tò náà láìwá a kiri, níbi ìbàdí ara rẹ̀.

"Ìyá Fẹ́rànmí," ló pè é. "Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ kúrò nínú ulé yìí. Wọn ò rí eléyìí."

Felicia tẹ̀ síwájú. Ìka kékeré mẹ́rin di ìró màmá mú láti ẹ̀yìn. Wọ́n hàn ketekete, títí kan ẹrẹ̀ tó wà lábẹ́ èékánná. Ẹ̀rọ náà ti rò pé ara màmá ni wọ́n, kò da èéfín bò wọ́n. Gbogbo ìgbà tí Felicia ń wo àbàwọ́n pupa, ibẹ̀ ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n ojú ọmọ ló ń wá, kò wo ọwọ́.

Màmá ní ọmọ náà ń fa ìró òun lọ́jọ́ náà, òun ò jẹ́ gbàgbé ibi tó dì mú. Ó ní àràárọ̀ lòun máa ń fọwọ́ kàn án. Ó gba ọwọ́ Felicia, ó gbé e lé ibẹ̀. Gíláàsì náà tutù. Felicia dúró de ẹkún, ẹkún ò wá, ṣùgbọ́n kò mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Bẹ́ẹ̀ ni Ilésanmí ti oko dé bá wọn. Ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wò, ìyá rẹ̀ sì fi hàn án. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tí ilẹ̀ oko dì mọ́, ó sì yíjú sí ìdí àmù láti lọ bu omi.

"Ẹ má fọ̀ ọ́," Felicia sọ fún un. "Bẹ́ẹ̀ náà ni ọwọ́ tiẹ̀ rí." Ó sún díẹ̀, kí ọkọ rẹ̀ lè ráyè jókòó.